Ilé Òkúta Hardwick Hall: Àwọn Ìbéèrè Tó Máa Ń Wáyé àti Ìdáhùn Wọn

Ẹni tó bá ń wakọ̀ lójú ọ̀nà M1 láti London lọ sí àríwá England, bó bá ti ń sún mọ́ Chesterfield, á rí ilé ńlá kan lórí òkè. Bí oòrùn ìrọ̀lẹ́ bá kọjú sí i, gbogbo iwájú ilé náà á máa kọ mànà. Hardwick Hall ni wọ́n ń pè é. Òkúta ni wọ́n fi kọ́ ọ, síbẹ̀ dígí ni ojú kọ́kọ́ ń rí. Àwọn ará àdúgbò ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé ní Hardwick, dígí pọ̀ ju ògiri lọ.

Ìbéèrè tí àwọn ènìyàn máa ń béèrè nípa bí wọ́n ṣe kọ́ ilé yìí la kó jọ síbí. Bí ẹ ti ń kà á, ẹ máa wo àwọn fèrèsé. Ní Hardwick, bí fèrèsé bá ṣe ga tó ló ń sọ bí ipò ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ṣe ga tó, ẹni bá sì mọ ìyẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ gbogbo ilé náà tán.

Níbo ni Hardwick Hall wà, ìgbà wo sì ni wọ́n kọ́ ọ?

Agbègbè Derbyshire ló wà, ní àárín gbùngbùn England. Ọdún 1590 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìpìlẹ̀ rẹ̀, oṣù October ọdún 1597 sì ni onílé kó wọ inú rẹ̀, nígbà ayé Ọbabìnrin Elizabeth Kìíní. Iṣẹ́ kò tíì parí pátápátá nígbà náà. Àwọn oníṣẹ́ ọnà ṣì ń ṣe yàrá lọ́ṣọ̀ọ́ lẹ́yìn tí wọ́n ti ń gbé inú rẹ̀.

Ta ló ni ilé náà?

Obìnrin ni. Orúkọ rẹ̀ ni Elizabeth Talbot, Countess of Shrewsbury, ṣùgbọ́n Bess of Hardwick ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí. Nǹkan bí ọdún 1527 ni wọ́n bí i sí ìdílé tó ni ilẹ̀ Hardwick yìí. Wọn kì í ṣe tálákà, wọn ò sì jẹ́ ọlọ́rọ̀ rárá. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló lọ́kọ. Robert Barley ni àkọ́kọ́, ó sì kú ní kékeré. Sir William Cavendish ni èkejì, òun sì ni bàbá gbogbo ọmọ tí Bess bí. Sir William St Loe ló tẹ̀ lé e, George Talbot tó jẹ́ Earl of Shrewsbury kẹfà, ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́lá tó lówó jù ní England, sì ni ìkẹrin.

Òun àti Cavendish ló kọ́kọ́ kọ́ ilé ńlá sí Chatsworth, ní Derbyshire kan náà, nítorí náà kò ṣàjèjì sí iṣẹ́ ilé kíkọ́. Nígbà tó yá, ìjà tó wà láàárín òun àti Talbot le débi pé wọn ò lè gbé pọ̀ mọ́, Bess bá padà sí Hardwick, ilé bàbá rẹ̀. Talbot kú ní oṣù November 1590. Ìpín tó bọ́ sí Bess lọ́wọ́ gẹ́gẹ́ bí opó, àti ohun tó ti kó jọ tẹ́lẹ̀, sọ ọ́ di ọ̀kan nínú àwọn tó lówó jù lọ ní gbogbo England.

Ó ti lé ní ẹni 60 ọdún nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé yìí. Ìwé ìnáwó iṣẹ́ náà wà títí dòní, ó sì hàn níbẹ̀ pé òun fúnra rẹ̀ ló ń yẹ̀ ẹ́ wò tó ń fọwọ́ sí i. Kò sí ọkọ tí ń dá sí i, kò sí bàbá tí ń pàṣẹ. Ní ayé ìgbà yẹn, nígbà tí ohun ìní obìnrin tó wà nílé ọkọ ń di ti ọkọ rẹ̀ lábẹ́ òfin, ipò opó nìkan ló lè fún obìnrin ní irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ lórí owó ara rẹ̀. Ohun tó fi mú mi fẹ́ràn ilé yìí ju àwọn ilé ọlọ́lá yòókù lọ nìyẹn.

Ta ló ya àwòrán ilé náà?

Robert Smythson ni àwọn onímọ̀ gbà pé ó yà á. Agbẹ́kùúta ni níbẹ̀rẹ̀. Ó ṣiṣẹ́ ní Longleat ní Wiltshire láti 1568, lẹ́yìn náà ó ṣe Wollaton Hall nítòsí Nottingham, tí wọ́n kọ́ láàárín 1580 sí 1588. Àwòrán ìpìlẹ̀ ilé kan tó jọ ti Hardwick gidigidi wà lára àwọn àwòrán rẹ̀ tí ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán ilé ní London, RIBA, ń tọ́jú. Orúkọ rẹ̀ àti ti ọmọ rẹ̀ sì jáde nínú ìwé ìnáwó Bess ní 1597, pé wọ́n fún wọn lẹ́bùn owó. Ó kú ní 1614, Wollaton ni wọ́n sin ín sí.

Àmọ́ iṣẹ́ ayàwòrán ilé láyé ìgbà náà kò rí bí a ti mọ̀ ọ́n lónìí. Smythson kò dúró sí ẹnu iṣẹ́ lójoojúmọ́. Ó ya ìpìlẹ̀, ó fi hàn bí iwájú ilé yóò ṣe rí, ó sì fi ìyókù sílẹ̀ fún onílé àti àwọn oníṣẹ́. Àwọn tó fọwọ́ ṣe é gan-an náà ní orúkọ nínú ìwé ìnáwó: John Rodes àti Christopher Rodes, àwọn agbẹ́kùúta tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ ní Wollaton, Thomas Accres, tó mọ iṣẹ́ mábù, Abraham Smith, tó ń fi ẹfun mọ ère sára ògiri, àti John Balechouse, ayàwòrán. Kì í ṣe gbogbo ilé ńlá ayé àtijọ́ ni a mọ orúkọ ẹni tó gbé òkúta níbẹ̀, ó sì yẹ kí a máa dárúkọ wọn bí a ti ń dárúkọ Smythson.

Níbo ni wọ́n ti rí òkúta tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀?

Lára òkè tí ilé náà jókòó lé. Òkúta iyanrìn ni, àwọ̀ rẹ̀ wà láàárín pupa rúsúrúsú àti eérú, ìsàlẹ̀ òkè náà ni wọ́n sì ti ń gbẹ́ ẹ. Ẹni tó bá mọ wàhálà kíkó ẹrù láyé ẹṣin àti kẹ̀kẹ́ akọ màlúù yóò mọ̀ pé èrè ńlá nìyẹn. Owó ìkẹ́rù lè ju owó òkúta fúnra rẹ̀ lọ bí ọ̀nà bá jìn.

Èyí tó pọ̀ nínú ohun èlò yòókù náà, ilẹ̀ Bess ló ti wá. Igi wá láti inú igbó rẹ̀. Derbyshire jẹ́ ilẹ̀ òjé láti ọjọ́ pípẹ́, òjé sì ni wọ́n fi bo òrùlé, òun náà ni wọ́n fi so dígí pọ̀ mọ́ra. Ó ní ibi tí wọ́n ti ń ṣe dígí fún un. Òkúta dúdú tí wọ́n fi ṣe ojú ibi ìdáná nínú àwọn yàrá òkè, agbègbè yìí kan náà ni wọ́n ti wà á. Bẹ́ẹ̀ ni obìnrin yìí ṣe kọ́lé tó kún fún dígí, ní ayé tí dígí wọ́n bí ojú, láìjẹ́ pé gbogbo owó rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ oníṣòwò.

Bí dígí bá pọ̀ ju ògiri lọ, kí ló gbé ilé náà dúró?

Ìbéèrè tó dára jù nìyí, ìdáhùn rẹ̀ sì ni mo kà sí ọgbọ́n tó jinlẹ̀ jù nínú ilé náà.

Nínú ilé òkúta àtijọ́, ògiri ìta ló ń ṣe iṣẹ́ mẹ́ta pọ̀: òun ló ń gbé òrùlé àti àjà, òun ni wọ́n ń mọ ibi ìdáná sí, inú rẹ̀ náà sì ni ihò èéfín ń gbà jáde lókè. Ògiri tó bá ń ṣe gbogbo ìyẹn kò lè fàyè gba fèrèsé ńlá. Bí ẹ bá lu ihò púpọ̀ sí i lára, agbára rẹ̀ á dín kù, ihò èéfín náà ò sì ní ríbi gbà.

Ní Hardwick, wọ́n kó ẹrù yẹn kúrò níta wọ́n gbé e sínú. Ògiri òkúta tó nípọn gba àárín ilé kọjá láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì bí egungun ẹ̀yìn. Inú ògiri àárín yìí ni wọ́n kó ibi ìdáná àti ihò èéfín tó pọ̀ jù sí, orí rẹ̀ náà sì ni àwọn igi àjà fi ẹsẹ̀ kan lé. Bí ogiri inú ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ògiri ìta, ògiri ìta ríbi mí. Ó wá ku òpó òkúta láàárín fèrèsé kan sí èkejì, dígí sì gba gbogbo àyè tó kù.

Nǹkan kejì ni àwọn ilé gogoro mẹ́fà tó yọ jáde lára rẹ̀. Lójú ẹni tó ń wò ó láti òkèèrè, ọ̀ṣọ́ lásán ni wọ́n. Àmọ́ igun ni wọ́n, igun sì máa ń mú ògiri le. Ibi tí ògiri bá ti ṣẹ́ kọ̀rọ̀, kò rọrùn fún un láti wó síwájú tàbí sẹ́yìn.

Ẹ sún mọ́ fèrèsé kan, ẹ ó rí i pé òun fúnra rẹ̀ ní egungun. Ọ̀pá òkúta tín-ín-rín ló dúró lóròó, òmíràn sì dá a lábùú, wọ́n pín fèrèsé sí àpótí àpótí. Nínú àpótí kọ̀ọ̀kan, dígí kéékèèké ni wọ́n fi òjé so pọ̀, nítorí kò sí ẹni tó lè fi ẹnu fẹ́ dígí fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan ṣoṣo nígbà náà. Ojú dígí àtijọ́ kì í tẹ́ dọ́gba. Ọ̀kan tẹ̀ díẹ̀ síbí, èkejì tẹ̀ sọ́hùn-ún, ìdí nìyẹn tí ìmọ́lẹ̀ fi máa ń ṣẹ́jú lára wọn nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀.

Kí ló dé tí fèrèsé òkè ga ju ti ìsàlẹ̀ lọ?

Nítorí pé ipò àwọn ènìyàn inú ilé ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ìsàlẹ̀ ilé jẹ́ ti iṣẹ́: ilé ìdáná, ibi ìkẹ́rùsí, àti ibi tí àwọn ìránṣẹ́ ń gbé. Fèrèsé ibẹ̀ kúrú. Àjà kìíní ni Bess àti ìdílé rẹ̀ ń gbé lójoojúmọ́, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹun, ibẹ̀ ni wọ́n ń sùn, fèrèsé wọn sì ga díẹ̀ sí i. Àjà kejì, tó wà lókè pátápátá, wọ́n fi í pamọ́ fún àlejò pàtàkì, fún àríyá, bóyá fún ọbabìnrin fúnra rẹ̀ bó bá wá. Fèrèsé ibẹ̀ ló ga jù.

Ohun tó wọ́pọ̀ nínú ilé ńlá Yúróòpù lẹ́yìn ìgbà yẹn ni pé àjà àárín ni wọ́n ń fi ògo sí. Bess gbé tirẹ̀ lọ sókè téńté. Ẹni tó bá dúró nínú ọgbà níwájú ilé lè ka gbogbo ètò inú rẹ̀ láì tíì kan ilẹ̀kùn.

Ọbabìnrin Elizabeth kò wá síbẹ̀ rí.

Ṣé òótọ́ ni pé àwọn fèrèsé kan wà tí kò sí yàrá lẹ́yìn wọn?

Òótọ́ ni. Smythson fẹ́ kí ọ̀tún ilé bá òsì dọ́gba, kí ohun tó wà níbí wà lọ́hùn-ún. Inú ilé kò sì ṣeé tò bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Níbi tí ihò èéfín tàbí ògiri inú ti bọ́ sí ibi tó yẹ kí fèrèsé wà, wọ́n ṣì fi dígí síta, wọ́n sì dí ẹ̀yìn rẹ̀ pa. Láwọn ibòmíràn, fèrèsé gíga kan ṣoṣo ló ń fún yàrá kékeré méjì tó wà lórí ara wọn ní ìmọ́lẹ̀, tí àjà àárín wọn sì gba ẹ̀yìn dígí kọjá. Àwọn kan ń pe èyí ní ẹ̀tàn. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Ẹni tó kọ́lé ní láti yàn láàárín ẹwà ìta àti ìrọ̀rùn inú, Smythson àti Bess sì yan ẹwà ìta níbi tí méjèèjì bá ti forí gbárí.

Wọ́n ní gbọ̀ngàn ilé náà ṣàjèjì. Kí ló ṣàjèjì nínú rẹ̀?

Bó ṣe dojú kọ ni. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún bíi mélòó kan tí gbọ̀ngàn ilé ọlọ́lá England ti máa ń sùn gbọọrọ lẹ́bàá iwájú ilé. Ẹgbẹ́ kan ni ẹni tó ń wọlé ń gbà, á kọjá lẹ́yìn pátákó ìdábùú, á wá yà sínú gbọ̀ngàn. Nítorí bẹ́ẹ̀, ẹnu ọ̀nà ilé kì í lè wà láàárín gan-an, ìyẹn sì ń ba ìdọ́gba iwájú ilé jẹ́.

Ní Hardwick, wọ́n yí gbọ̀ngàn padà, ó wá la àárín ilé já láti iwájú lọ sẹ́yìn. Ẹnu ọ̀nà bọ́ sí àárín gan-an, ẹni tó bá sì wọlé, inú gbọ̀ngàn ló bá ara rẹ̀ tààrà. Lónìí ó lè dà bí ohun tí kò yẹ kó gba àròjinlẹ̀ kankan. Ṣùgbọ́n pẹ̀lú ìyípadà yìí, gbọ̀ngàn kúrò ní ibi tí olórí ilé ti ń bá gbogbo agboolé rẹ̀ jẹun, ó di ọ̀dẹ̀dẹ̀ ńlá tí ènìyàn ń gbà kọjá. Lókè ibi ìdáná rẹ̀, wọ́n fi ẹfun mọ àmì ìdílé Hardwick, àgbọ̀nrín méjì sì dúró tì í lọ́tùn-ún lósì.

Báwo ni àlejò ṣe ń dé àjà òkè?

Ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Àtẹ̀gùn òkúta ni, ó fẹ̀, ìgbésẹ̀ rẹ̀ kò ga. Kò rí bí àtẹ̀gùn ilé gogoro tó ń yí po lójú kan. Ó ń gba inú ilé lọ díẹ̀díẹ̀, á yà, á gùn, á dé ibi títẹ́jú, á tún yà, ó ń gba inú òkùnkùn bọ́ sínú ìmọ́lẹ̀ títí yóò fi gbé ènìyàn dé ẹnu ọ̀nà Yàrá Ńlá Òkè. Ẹ rántí pé ìsàlẹ̀ ni ilé ìdáná wà. Bí àlejò pàtàkì bá wà, àtẹ̀gùn yìí náà ni àwọn ìránṣẹ́ ń tò gbà gbé oúnjẹ gòkè, tàwo tàwo, bí ẹni ń tẹ̀ lé ọba lọ sí ojúde. Ó dájú pé oúnjẹ á ti tutù kó tó débẹ̀. Ìtòlọ́wọ̀ọ̀wọ́ náà ló ṣe pàtàkì lójú wọn.

Nínú Yàrá Ńlá Òkè, ẹ gbójú sókè. Abraham Smith àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ fi ẹfun mọ igbó odindi yí gbogbo apá òkè ògiri ká, wọ́n sì kùn ún ní àwọ̀. Diana, òrìṣà ọdẹ àwọn ará Róòmù, jókòó láàárín rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Àgbọ̀nrín ń sáré láàárín igi, kìnnìún wà níbẹ̀, erin náà wà níbẹ̀. Ó ṣòro láti gbà pé ẹni tó mọ erin yẹn ti fojú rí erin rí. Diana kò lọ́kọ, Ọbabìnrin Elizabeth kò lọ́kọ, kò sì sẹ́ni tó wọ yàrá yẹn nígbà náà tí kò mọ ẹni tí wọ́n ń yìn. Lábẹ́ igbó yìí ni wọ́n fi aṣọ aláwòrán láti Brussels kọ́ sí, ìtàn Ulysses, akọni inú ìtàn àtijọ́ àwọn ará Gíríìkì, ló wà lára wọn, ibi tí wọ́n sì pín ògiri náà sí jọ pé ìwọ̀n aṣọ yẹn gan-an ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n.

Kí ni Gbọ̀ngàn Gígùn?

Yàrá kan tó gba gbogbo gígùn ilé náà ní ìhà ìlà oòrùn lókè, ó gùn tó nǹkan bí mítà 50. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rìn nasẹ̀ nígbà tí òjò tàbí òtútù kò bá jẹ́ kí wọ́n jáde, òjò England sì kì í dá. Àwòrán àwọn ọba àti ìbátan kún ibẹ̀, ẹní koríko sì wà nílẹ̀.

Ohun tó bo ògiri rẹ̀ ni aṣọ aláwòrán mẹ́tàlá tí wọ́n fi òwú irun àgùntàn hun, ìtàn Gídíónì inú Bíbélì ló wà lára wọn. Gíga ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà mẹ́fà. Sir Christopher Hatton, ọ̀kan nínú àwọn àyànfẹ́ ọbabìnrin, ló kọ́kọ́ rà wọ́n. Nígbà tó kú ní 1591, gbèsè ló fi sílẹ̀, Bess sì ra aṣọ náà lọ́wọ́ àrólé rẹ̀ ní 1592. Owó rẹ̀ lé ní £320. Àmì ìdílé Hatton wà lára wọn, Bess bá ní kí wọ́n yọ £5 kúrò nínú owó náà nítorí pé òun ní láti pààrọ̀ rẹ̀, wọ́n sì yọ ọ́. Lẹ́yìn náà ó ní kí wọ́n ya àmì tirẹ̀ sórí aṣọ, kí wọ́n fi bo ti Hatton. Àmì Hatton jẹ́ abo àgbọ̀nrín tí kò níwo. Ti Bess jẹ́ akọ. Wọ́n fi ìwo kún un, ó parí. Ẹ lè máa wá ìwo náà bí ẹ bá débẹ̀.

Ó gba National Trust, ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú ilé náà báyìí, ní ọdún 24 láti tún mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlá ṣe, wọ́n sì parí èyí tó kẹ́yìn ní 2023.

Ṣé òtútù kì í pa wọ́n nínú ilé tó kún fún dígí báyìí?

Ó ń pa wọ́n dáadáa. Dígí kì í dá ooru dúró bí òkúta tó nípọn, orí òkè sì ni ilé náà wà níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ láti gbogbo ìhà. Ní 1601 Bess ṣe ìwé àkọsílẹ̀ gbogbo ẹrù ilé rẹ̀, ẹ̀rí sì wà nínú rẹ̀ pé yàrá tó ń sùn kún fún kọ́tìnì, bùláńkẹ́ẹ̀tì àti kúbùsù. Ara iṣẹ́ àwọn aṣọ aláwòrán yẹn náà nìyẹn: ẹwà ni wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n tún ń gba òtútù lára ògiri.

Lẹ́tà wo ló wà lórí ilé náà?

ES, ìyẹn Elizabeth Shrewsbury. Òkúta ni wọ́n gbẹ́ ẹ sí, adé wà lórí rẹ̀, ó sì wà lórí gbogbo ilé gogoro mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ojú ọ̀run ló wà lẹ́yìn lẹ́tà náà, nítorí náà ẹ lè kà á láti ọ̀nà jíjìn. Inú ọ̀kan nínú àwọn ilé gogoro yìí ni wọ́n ti ń jẹ ìpápánu dídùn lẹ́yìn oúnjẹ. Orí òrùlé òjé ni àlejò ń rìn gbà kó tó débẹ̀, kó lè fi ojú wo ilẹ̀ tí onílé ní.

Ṣé ibẹ̀ ni wọ́n ti Mary, Ọbabìnrin Scotland, mọ́lé?

Rárá. Talbot ọkọ Bess ló ń ṣọ́ ọ fún nǹkan bí ọdún 15, ṣùgbọ́n ibòmíràn ni. Oṣù February 1587 ni wọ́n bẹ́ Mary lórí, ilé yìí kò sì tíì bẹ̀rẹ̀. Yàrá tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè ló ń fa àṣìmọ̀ yìí. Ẹni tó gbé ibẹ̀ lóòótọ́ ni Arbella Stuart, ọmọ ọmọ Bess, tí àwọn kan rò pé ó lè jọba lẹ́yìn Elizabeth.

Ilé àwókù wo ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀?

Hardwick Old Hall ni. Bess fúnra rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í tún un kọ́ ní 1587, kó tó rówó tó tó kọ́ èyí tuntun. Òun ni wọ́n ṣì ń kọ́ lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ èkejì, wọ́n sì ń lo méjèèjì pọ̀, àlejò àti ìránṣẹ́ ń sùn sí èyí tó ti wà tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, àwọn àrólé wó apá kan rẹ̀. Ìyókù wà níbẹ̀ láìsí òrùlé, ẹ sì ṣì lè rí iṣẹ́ ẹfun Abraham Smith lára ògiri tó dúró lójú afẹ́fẹ́. Ẹ má ṣe fò ó. Ẹni tó bá wo méjèèjì á rí ohun tó yí padà lọ́kàn Bess láàárín ọdún mélòó kan: èyí àkọ́kọ́ ń gbòòrò bí àyè ti ń yọ, ìyàrá tẹ̀ lé ìyàrá, èyí kejì, gbogbo rẹ̀ ti wà lórí ìwé kí wọ́n tó gbẹ́ òkúta àkọ́kọ́.

Báwo ni Bess ṣe kú?

13 February 1608 ló kú, ó ti tó nǹkan bí ẹni 80 ọdún. Ìtàn kan wà tí wọ́n ń pa nípa rẹ̀: wọ́n ní aríran kan sọ fún un pé kò ní kú níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì ń kọ́lé. Ọdún yẹn, òtútù mú débi pé odò Thames dì, àpòpọ̀ ẹfun àti iyanrìn dì mọ́ àwọn oníṣẹ́ lọ́wọ́. Wọ́n fi omi gbígbóná pò ó, wọ́n fi ọtí gbígbóná pò ó, kò ṣeé lò. Iṣẹ́ dúró, Bess sì kú. Ìtàn ni, ẹ gbà á bí ìtàn, ṣùgbọ́n òtútù ọdún yẹn ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Derby ni wọ́n sin ín sí, nínú ṣọ́ọ̀ṣì tó ti di Kàtídírà báyìí, Smythson ló sì ya àwòrán sàréè rẹ̀.

Kí ló dé tí ilé náà kò fi yí padà púpọ̀ títí dòní?

Nítorí pé àwọn ọmọ rẹ̀ fẹ́ràn Chatsworth ju ibẹ̀ lọ. Àwọn ìran rẹ̀ di Duke of Devonshire, Chatsworth ni wọ́n fi ṣe ibùgbé, ibẹ̀ ni wọ́n sì ń ná owó sí. Láti 1687 ni wọ́n ti wó ilé tí Bess kọ́ sí Chatsworth, wọ́n kọ́ tuntun rọ́pò rẹ̀. Hardwick di ibi tí wọ́n ń yà sí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, bí àṣà sì ti ń yí padà, kò sẹ́ni tó rántí láti yí tibẹ̀ padà. Thomas Hobbes, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tó sin ìdílé náà fún ọ̀pọ̀ ọdún, kú síbẹ̀ ní 1679.

Duke kẹwàá kú lójijì ní 1950, owó orí ogún tó wọ ìdílé náà lọ́rùn sì pọ̀ gan-an. Wọ́n fi Hardwick dí apá kan gbèsè yẹn fún ìjọba, National Trust sì gbà á ní 1959. Evelyn, ìyá Duke náà, ló gbé ibẹ̀ kẹ́yìn. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń rán àwọn aṣọ tó ti gbó ṣe títí tó fi dàgbà, ó sì kú ní 1960.

Òkúta náà kò tíì bàjẹ́ bí?

Ó ń bàjẹ́. Òkúta iyanrìn rọrùn láti gbẹ́, ìyẹn dára fún agbẹ́kùúta, ṣùgbọ́n òjò àti dídì omi náà ń gbẹ́ ẹ. Omi á wọ inú rẹ̀, á dì, á fẹ̀, á ti ojú òkúta bó ìpele ìpele. Èéfín èédú agbègbè yẹn, tó jẹ́ ilẹ̀ ìwakùsà fún ìgbà pípẹ́, tún kún un. Nítorí náà iṣẹ́ agbẹ́kùúta kò tíì tán níbẹ̀ rí. Bí ẹ bá wo ara ògiri dáadáa, ẹ ó rí òkúta tí igun rẹ̀ ṣì mú ṣáṣá lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó ti rọ̀ róbótó. Èyí tó mú ni tuntun.

Bí mo bá fẹ́ lọ wò ó, kí ni kí n kọ́kọ́ wò?

Ẹ gba ọ̀nà M1, ẹ yà kúrò níbẹ̀ ní ìkóríta 29 (Junction 29). Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ ojú irin láti St Pancras ní London á sọ̀ ní Chesterfield, á wá wá ọkọ̀ kékeré. Ẹ kọ́kọ́ yẹ ojú ìwé National Trust wò fún ọjọ́ tí wọ́n ń ṣí, nítorí ọgbà lè wà ní ṣíṣí nígbà tí ilé wà ní títì. Yàrá kan lè ṣókùnkùn díẹ̀, wọ́n ń fa aṣọ fèrèsé bò ó nítorí ìmọ́lẹ̀ ń pa àwọ̀ aṣọ àtijọ́.

Ẹ má ṣe yára wọlé. Ẹ kọ́kọ́ dúró ní iwájú gan-an, ẹ ka ilé gogoro tí ẹ rí. Lẹ́yìn náà ẹ rìn lọ sí igun, ẹ tún kà. Méjì ló wà níwájú, méjì lẹ́yìn, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, nítorí náà bí ẹ ṣe ń rìn, wọ́n á máa sún mọ́ ara wọn, wọ́n á máa jìnnà síra, òmíràn á fara pamọ́ sẹ́yìn èkejì. Láti iwájú, ilé náà tò dọ́gba, ó pa rọ́rọ́. Láti igun, gogoro ló ń gun ara wọn. Ẹ yí i po tán kí ẹ tó lọ gba tíkẹ́ẹ̀tì.